Agbọ́kọ̀ró: Ọkọ̀ Onípákó Marcos àti Ìṣòro Títúmọ̀ Ṣáásì

Ní ọdún 1959, àwọn ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì méjì kan, Jem Marsh àti Frank Costin, dá ilé-iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ ní Dolgellau ní ilẹ̀ Wales, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọkọ̀ eré-ìdárayá tí ó gba ènìyàn méjì. Nínú orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n ti fa orúkọ ọkọ̀ náà yọ: wọ́n mú Mar lára Marsh, wọ́n mú Cos lára Costin, ó di Marcos. Ẹ́ńjìnnì Ford kékeré ni wọ́n fi sínú rẹ̀, kò sì sí ohun àrà nínú ìyẹn. Ohun àrà ibẹ̀ ni pé, ohun tí àwọn mẹkáníìkì ilẹ̀ Yorùbá ń pè ní ṣáásì, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí irin, pákó ni wọ́n fi ṣe tirẹ̀. Irú àkọ́kọ́ yìí kò tó ogún lápapọ̀. Ojú rẹ̀ kò fani mọ́ra rárá. Gíláàsì iwájú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀là mẹ́rin tí a tò pọ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń ṣí sókè bí ìyẹ́ ẹyẹ. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ fún un ní orúkọ mìíràn, Xylon, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún igi.

Onítumọ̀ lè béèrè ohun tí ó kan òun nínú ọkọ̀ tí kò tó ogún. Ó kàn án púpọ̀. Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970, nínú èyí tí a ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, ó ti hàn gbangba pé kì í ṣe àìsí ọ̀rọ̀ ni ìṣòro tí ó tóbi jù. Ìṣòro náà ni ọ̀rọ̀ tí a dá nígbà tí a ń wo ẹyọ ohun kan ṣoṣo, tí a sì wá fẹ́ lò fún gbogbo irú ohun bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó wọ́pọ̀ kì í dán ọ̀rọ̀ wò, nítorí pé ara rẹ̀ ni a ti gé ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni í dán an wò. Bí òǹkọ̀wé kan bá pe ṣáásì ní "egungun irin ọkọ̀", orúkọ náà yóò dára fún gbogbo ọkọ̀ tí ó wà ní òpópónà Ìbàdàn. Ní ọjọ́ tí ó bá kan Marcos, yóò di dandan fún un láti kọ ọ́ pé: "Egungun irin ọkọ̀ yìí, pákó ni." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà yóò sì tọ́ sí i.

Àwọn kan lè dáhùn pé igi lára ọkọ̀ kì í ṣe ohun tuntun fún Yorùbá. Òótọ́ ni. Ta ni ó gbé ayé ní ilẹ̀ Yorùbá ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá tí kò mọ bọ̀lẹ̀kájà? Wọ́n á kó iwájú ọkọ̀ Bedford, ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ṣáásì onírin rẹ̀ wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn káfíńtà ìhín á sì fi pákó kan gbogbo ara rẹ̀ yòókù, ìjókòó àti òrùlé, wọn á fi bóòtù dè é mọ́ irin ìsàlẹ̀, ayàwòrán á sì kọ ọ̀rọ̀ sí i níwájú. Ṣùgbọ́n bí a bá tú gbogbo pákó bọ̀lẹ̀kájà kúrò, ohun tí ó kù yóò ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, awakọ̀ tí ó láyà sì lè wà á lọ sí ọjà. Bí ọ̀ràn ti rí gan-an nìyí lára ọkọ̀ Morgan tí wọ́n ń ṣe ní Malvern ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí àwọn ènìyàn máa ń ṣì pè ní ọkọ̀ oníṣáásì igi: igi ni wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn tí páànù ara rẹ̀ dì mọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lábẹ́ igi náà kì í ṣe igi. Marcos yàtọ̀ sí méjèèjì. Bí a bá yọ pákó Marcos, ẹ́ńjìnnì yóò wà ní ilẹ̀ níhìn-ín, ẹsẹ̀ yóò wà lọ́hùn-ún, kò sì ní sí ohun tí ó so wọ́n pọ̀. Nítorí náà "ọkọ̀ onígi" kò lè ya bọ̀lẹ̀kájà sọ́tọ̀ kúrò lára Marcos, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn ni kókó ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ fẹ́ kọ́ni.

Kí ni ó mú ọlọ́gbọ́n ènìyàn dé ìdí pákó? Frank Costin kì í ṣe káfíńtà. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú de Havilland ni ó ti ṣiṣẹ́, níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti jẹ́ láti mọ bí afẹ́fẹ́ ti ń ṣàn lára ohun tí ń sáré. Ilé-iṣẹ́ yìí náà ni ó ṣe Mosquito, ọkọ̀ òfúrufú ogun onípákó tí ó kọ́kọ́ fò ní oṣù kọkànlá ọdún 1940, tí wọ́n sì ṣe ju 7,000 lọ nínú rẹ̀. Ogun ti mú kí irin wọ́n nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn tí ń kan àga àti tábìlì wà káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ sì wà lọ́wọ́ wọn. Pákó tí wọ́n lò kì í ṣe ìrókò tí a fi ayùn là. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, tí a fi àtè lẹ̀ mọ́ra wọn ní ìpele ìpele, èyí tí àwọn káfíńtà ń pè ní púláíwúùdù.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí púláíwúùdù yìí, nítorí pé a kì í sábà ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Gbogbo ẹni tí ó bá ti la igi ìdáná rí mọ̀ pé igi ní ọ̀nà tí ó gbà ń là. Bí àáké bá tẹ̀lé ìlà ara igi, igi á là wẹ́rẹ́. Bí ó bá dábùú ìlà náà, àáké á há. Èyí ni pé agbára igi kò dọ́gba ní ìhà gbogbo. Nígbà tí a bá ń ṣe púláíwúùdù, a ó bẹ́ igi ní pẹlẹbẹ tínrín, a ó tẹ́ ọ̀kan kí ìlà rẹ̀ wo ìlà-oòrùn, a ó tẹ́ èkejì lé e kí ìlà rẹ̀ wo àríwá, a ó sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí yóò fi nípọn tó bí a ti fẹ́. Ibi tí ìpele kan ti ń jẹ́ aláìlera ni ti ìkejì rẹ̀ ti lágbára. Nípa bẹ́ẹ̀ a ní ohun kan tí ó fúyẹ́ ju irin lọ ní ìlọ́po púpọ̀, tí kò sì là. "Pákó alápàlé" ni a bá máa pè é bí a bá fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ sọ bí a ti ṣe é. Púláíwúùdù ti wọ ọjà tipẹ́tipẹ́, kò sì sí ìdí láti bá a jà.

Ṣùgbọ́n pákó tí ó dára kò tó. Kí ni iṣẹ́ ṣáásì gan-an? Ọ̀pọ̀ ìwé dá a lóhùn pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé ẹrù ọkọ̀. Ìdáhùn yìí kò pé. Nígbà tí ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún bá bọ́ sínú kòtò, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún sì wà lórí òkè, gbogbo ara ọkọ̀ ni a ń lọ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá di igun aṣọ mú ní ìkángun méjèèjì tí ó sì ń lọ́ ọ. Bí ọkọ̀ bá gbà láti lọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní tẹ ilẹ̀ bí ó ti yẹ, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní pa dé mọ́, kò sì ní gbọ́ràn sí awakọ̀ lẹ́nu ní kọ́nà. Agbára àìlọ́ ni ohun tí ẹni tí ń ṣe ọkọ̀ eré-ìdárayá ń wá ju ohunkóhun lọ. Olùkọ́ lè fi páálí bàtà ṣàfihàn èyí níwájú kíláàsì láìná kọ́bọ̀. Kí ó ṣí ọmọrí páálí náà, kí ó di í mú ní orí méjèèjì, kí ó sì lọ́ ọ: páálí á lọ́ bí ewé. Kí ó wá fi gọ́ọ̀mù lẹ ọmọrí náà mọ́ ọn yíká, kí ó sì tún lọ́ ọ: kò ní gbà. Páálí kan náà ni, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Dídé ni a dé e. Ohun tí Costin ṣe kò ju èyí lọ. Ó fi púláíwúùdù kan àwọn àpótí gígùn tí ó ní ìdérí, ó fi àtè lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó sì jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọkọ̀ kọjá àti àárín ẹsẹ̀ awakọ̀ pẹ̀lú. Irin kò pọ̀ lára rẹ̀ ju ibi tí ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti dì mọ́ pákó.

Ọkọ̀ tí ó jẹ yọ nínú èyí fúyẹ́, ó sì le. Ní ọdún 1960, Bill Moss fi í borí lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kejì nínú eré ìje. Jackie Stewart náà, ọmọ Scotland tí ó padà gba ipò kìíní gbogbo ayé ní 1969, 1971 àti 1973, wà nínú àwọn tí ó fi Marcos bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ awakọ̀ ìje.

A wá padà sí ọ̀rọ̀. Mẹ́rin ni àwọn orúkọ tí ó ṣeé gbé yẹ̀ wò. Èkínní ni ṣáásì fúnra rẹ̀. Kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n lẹ́nu mẹkáníìkì, irin gígùn méjì tí a fi irin kúkúrú gbá mọ́ra bí àkàsọ̀ ni ó ń jẹ́. Ẹ sọ fún un pé ṣáásì jẹ́ pákó, yóò ní kí ẹ lọ sùn. Èkejì ni "egungun ọkọ̀". Ó dùn mọ́ etí, ó sì bọ́gbọ́n mu lára ọkọ̀ tí ohun tí ó gbé e dúró wà ní inú, tí bọ́dì sì bò ó bí awọ ti bo ènìyàn. Ẹ̀kẹta ni "ìpìlẹ̀ ọkọ̀", èyí tí ó gbà pé ìsàlẹ̀ ni ohun náà gbọ́dọ̀ wà. Ẹ̀kẹrin ni orúkọ tí a fi sí orí àpilẹ̀kọ yìí: agbọ́kọ̀ró, ohun tí ó gbé ọkọ̀ ró. "Arukọ̀" pàápàá ì bá dára, bí kì í bá ṣe pé ọkọ̀ ńlá tí ń ru àwọn ọkọ̀ tuntun láti èbúté ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn ẹni tí ó bá gbọ́ ọ. Ní ti agbọ́kọ̀ró, ẹnì kan lè bẹ̀rù pé a óò ṣì í kà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ìṣe gbọ́ wà nínú rẹ̀. Kò sí ewu. Gbé àti ọkọ̀ ni ó di gbọ́kọ̀, bí gbé àti ọmọ ti di gbọ́mọ, kò sì sí ẹni tí ó rò rí pé etí ni iṣẹ́ gbọ́mọgbọ́mọ.

Ìdí tí "egungun" àti "ìpìlẹ̀" fi kùnà kò hàn tán lára Marcos. Ọkọ̀ mìíràn ni ó fi í hàn, àwọn tí ó mọ Marcos kò sì ní ṣàìmọ̀ ọ́n: Lotus Elite. Ilé-iṣẹ́ Lotus tí Colin Chapman dá sílẹ̀ ni ó gbé e jáde níbi àfihàn ọkọ̀ ní Earls Court ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1957, wọ́n sì ń ṣe é títí di 1963. Gbogbo rẹ̀ kò ju bí ẹgbẹ̀rún kan lọ. Elite kò ní egungun. Kò sì ní ìpìlẹ̀ tí a lè tọ́ka sí pé, òun nìyí, bọ́dì ni ìyókù. Fáíbà ni gbogbo ara rẹ̀, láti ilẹ̀ dé òrùlé, àfi irin díẹ̀ tí a rì mọ́ inú rẹ̀ níwájú àti yíká gíláàsì iwájú. Ara náà ni ó ń gbé ara rẹ̀ ró. Àwọn Faransé ni wọ́n kọ́kọ́ rí orúkọ fún irú ìkọ́lé bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe ọkọ̀ òfúrufú: wọ́n pè é ní monocoque, láti ara coque, èèpo ẹyin. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju èèpo lọ fún èyí, nítorí pé èèpo ni a ń bó sọnù. Ìkarahun ni. Ìgbín kò ní egungun nínú, ìkarahun rẹ̀ ni ilé rẹ̀, òun náà sì ni ohun tí ó ń pa ẹ̀dá rẹ̀ mọ́ ní ìrísí kan. "Agbọ́kọ̀ró oníkarahun" ni Elite.

Ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ wà níhìn-ín tí ó yẹ kí ó dùn mọ́ àwọn onímọ̀ èdè. Kí mọ́tò tó dé, kí ni Yorùbá ń pè ní ọkọ̀? Ohun tí a gbẹ́ láti inú ìtì igi kan ṣoṣo, tí a gbé sí orí omi. Ọkọ̀ yẹn kò ní egungun, kò ní ìpìlẹ̀. Ara rẹ̀ ni ó ń gbé e ró. Oníkarahun ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí orúkọ náà jẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ ilẹ̀ àti ọkọ̀ òfúrufú dé, orúkọ náà bá gbogbo wọn mu láìjanpata, nítorí pé kò sọ ohun kan nípa igi tàbí omi. Ó sọ nípa ohun tí ń gbé ènìyàn láti ibì kan dé ibòmíràn. Ẹ fi èyí wé orúkọ tí àwọn ènìyàn fún Volkswagen kékeré, ìjàpá. Ìrísí ni wọ́n wò, orúkọ náà sì dára fún àwàdà. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ìjàpá, a óò rí i pé bóòtù ni a fi dè ìkarahun rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ pẹlẹbẹ onírin kan tí ọ̀pá ńlá là láàárín, ilẹ̀ yìí ni ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ dì mọ́. Ọkọ̀ tí a fi ìkarahun sọ lórúkọ ni ó ní ohun mìíràn lábẹ́ ìkarahun. Elite tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ìkarahun pátápátá, ẹnikẹ́ni kò pè é ní ìjàpá.

Elite ní àléébù tirẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí gíà ìkẹyìn wà, dì mọ́ fáíbà náà gan-an, nítorí náà gbogbo ara ọkọ̀ a máa dún bí ìlù nígbà tí ó bá ń sáré. Gíláàsì ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣeé wálẹ̀, nítorí ìtẹ̀kọrọ̀ ilẹ̀kùn náà. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ a máa ré e kọjá bí omi ti ń ré ẹja kọjá. Iye ìdènà afẹ́fẹ́ rẹ̀ jẹ́ 0.29, èyí tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ṣe ní ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀ kò lè dé. Costin yìí kan náà wà lára àwọn tí ó tún ìrísí rẹ̀ ṣe.

Lotus ṣe oríṣi méjì mìíràn tí ó yẹ kí a dárúkọ ní kíákíá. Seven, tí ó jáde ní 1957 kan náà, tí ilé-iṣẹ́ Caterham sì gbà lọ́wọ́ wọn ní 1973, jẹ́ ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí a jó pọ̀ ní onígun mẹ́ta mẹ́ta. Ẹni tí ó bá ti rí àgò adìyẹ ti rí i. "Alágò" bá a mu. Elan, tí ó tẹ̀lé Elite ní 1962, ní irin kan ṣoṣo tí ó gba àárín kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí ó sì pín sí méjì ní ìkángun kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀, "ọlọ́pàá-ẹ̀yìn" ì bá jẹ́ orúkọ tí ó tọ́ bí kì í bá ṣe ti àwọn ọlọ́pàá, nítorí náà kí a kọ ọ́ ní "agbọ́kọ̀ró onígbọ̀n-ọ́nwọ́ ẹ̀yìn" kò tún ní ṣe ẹnikẹ́ni lóore. "Elégungun-ẹ̀yìn" ni ó tẹ́ni lọ́rùn. Egungun, tí a kọ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ gbogbogbòò, rí àyè tirẹ̀ níbi tí ó ti bá iṣẹ́ mu.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kó onítumọ̀ sí ìdààmú ju ṣáásì lọ, òun ni fúyẹ́. Lẹ́nu ẹni tí ń rajà, ohun tí ó fúyẹ́ ni ohun tí kò ní pẹ́. Ìkòkò tí ó wúwo ni ìkòkò gidi, ènìyàn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo ni à ń bọ̀wọ̀ fún. Fún àwọn tí ó ṣe Marcos àti Elite, ìfúyẹ́ ni owó tí wọ́n ń wá kiri. Ẹ́ńjìnnì Elite kò ju 1,216 sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta lọ, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹṣin 75. Ohun kékeré ni èyí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò wúwo ju kìlógíráàmù 500 àti díẹ̀ lọ, nítorí náà ohun tí ẹṣin kọ̀ọ̀kan ní láti fà kò tó kìlógíráàmù 7. Ẹṣin kọ̀ọ̀kan nínú ìjàpá ìgbà náà ń fa ju 18 lọ. Ìfúyẹ́ kò ṣiṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń yára nìkan. Nígbà tí ó bá fẹ́ dúró, bíréèkì rẹ̀ kò ní ohun púpọ̀ láti bá jà, nígbà tí ó bá sì fẹ́ yà, táyà rẹ̀ kò ní ẹrù púpọ̀ láti dì mú. Olùkọ́ fìsíìsì gbọ́dọ̀ ya fúyẹ́ kúrò lára tínrín àti kúrò lára aláìlágbára kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbọ́ ni pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ̀nyí ń ṣe ọkọ̀ gbàrọgùdù tà.

Fáíbà náà nílò àlàyé. Fọ́nrán gíláàsì ni, tí a hun tàbí tí a fọ́n bí òwú, tí a sì fi oje rin. Oje níhìn-ín kì í ṣe ti ara igi, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ni wọ́n pò ó, ṣùgbọ́n ìṣe rẹ̀ bá ti oje mu: ó ń ṣàn, ó ń lẹ̀, ó sì ń gan. Ìdí tí àwọn ilé-iṣẹ́ kékeré fi sá tọ fáíbà àti pákó ni pé wọn kò gba ẹ̀rọ ńlá. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi páànù irin ṣe bọ́dì gbọ́dọ̀ ra ẹ̀rọ tí ń tẹ irin sí ìrísí, iye owó rẹ̀ a sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbọ́dọ̀ ta ọkọ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún kí ó tó rí èrè. Ẹni tí ń ṣe fáíbà nílò àdámọ̀ kan, búrọ́ọ̀ṣì, àti sùúrù. Òwò yìí tún ní ohun mìíràn tí ó ràn án lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di 1973, ẹni tí ó ra ọkọ̀ tí a ti tò tán a san owó orí lé e; ẹni tí ó bá ra á ní ẹ̀yà ẹ̀yà, tí ó sì lọ tò ó pọ̀ ní ilé rẹ̀, kò ní san án. Marcos àti Lotus ta ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọn báyìí. "Ọkọ̀ àtòpọ̀" ni kí a pè é. Ó sì yẹ kí onítumọ̀ rántí ẹni tí ń tò ó: akọ̀wé tàbí tíṣà tí ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé láàárín ẹ̀yà ọkọ̀, tí kò ní mẹkáníìkì tí yóò bi léèrè. Níbẹ̀ ni a ti ń mọ̀ bóyá orúkọ kan ń tọ́ni sọ́nà tàbí ó ń ṣini lọ́nà.

Ní ti "ọkọ̀ eré-ìdárayá", a kò tíì rí èyí tí ó sàn jù ú. "Ọkọ̀ eré ìje" ń tọ́ka sí ti pápá ìje nìkan, "ayárabíàṣá" ì bá sì dùn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ti gbà á.

Costin kò pẹ́ kúrò nídìí Marcos, ṣùgbọ́n pákó kò bá a lọ. Ní 1964, àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, Dennis àti Peter Adams, ya irú mìíràn tí ẹ́ńjìnnì Volvo wà nínú rẹ̀. Èyí lẹ́wà. Gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ kò ju íńṣì 43 lọ, ìbàdí ènìyàn ni òrùlé rẹ̀ mọ, awakọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ nínú rẹ̀. Ìjókòó rẹ̀ kò ṣeé sún. A ti kàn án mọ́ agbọ́kọ̀ró, ó sì di apá kan nínú agbára rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ awakọ̀ bá kúrú, àwọn pẹ́dàlì ni yóò fi kọ́ọ̀bù kan fà súnmọ́ ara rẹ̀. Ọkọ̀ mìíràn tí ilé-iṣẹ́ yìí ṣe ní 1965, Mini Marcos, kò ní pákó rárá. Oníkarahun fáíbà ni, ẹ́ńjìnnì Mini ni ó sì wà nínú rẹ̀. Ní eré ìje wákàtí 24 ti Le Mans ní ilẹ̀ Faransé ní 1966, ó ṣe ipò kẹẹ̀ẹ́dógún, òun nìkan sì ni ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó sá a parí. Orúkọ ilé-iṣẹ́ kan náà, agbọ́kọ̀ró oríṣi méjì.

Ní 1969 ni wọ́n pa pákó tì. Kì í ṣe pé ó já wọn kulẹ̀ ní ti agbára. Gígé e, lílẹ̀ ẹ́ àti dídúró de àtè kí ó gbẹ ń gba àkókò àti ọwọ́ ènìyàn púpọ̀. Ọ̀pá irin onígun mẹ́rin tí a jó pọ̀ kò wọ́n tó o. Ara fáíbà kan náà ni wọ́n sì dé e lé lórí, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ń wo Marcos 1968 àti Marcos 1970 ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn kò fi lè mọ èwo ni èwo àfi bí ó bá wo abẹ́ wọn, tàbí kí ó mú òòfà lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ náà wó ní 1971. Marsh tún un gbé dìde ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, àwọn ẹlòmíràn sì ṣe Marcos títí di 2007. Costin ní tirẹ̀ kò yí padà. Amigo tí ó ṣe ní àwọn ọdún 1970, tí kò ju mẹ́jọ lọ, pákó náà ni.

Òǹkàwé ilẹ̀ Yorùbá yóò ti máa ronú nípa ikán láti ìbẹ̀rẹ̀. Ikán kì í ṣe ìṣòro wọn ní Wales, omi ni. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀dà tí a fi kun pákó náà bá ṣì mú, kò sí nǹkan, ṣùgbọ́n bí omi bá ti ẹnu ibi tí a gé pákó wọlé, ìpele rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí ṣí. Irin ní tirẹ̀ á dógùn-ún. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra Marcos àtijọ́ lónìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ọdún tí a ṣe é, kí ó lè mọ èyí tí yóò wá nínú àìsàn méjèèjì. Ìwé ìtọ́ni tí a bá kọ fún un ní èdè Yorùbá lè sọ pé, "Bí agbọ́kọ̀ró rẹ̀ bá ti jẹrà, má ra á," ó sì lè sọ ní ojú ìwé kejì pé, "Bí agbọ́kọ̀ró rẹ̀ bá ti dógùn-ún, kọ́kọ́ fi òòlù kàn án wò." Gbólóhùn méjèèjì ni yóò yé e.